Irin Tí Ẹ Kò Fi Sára Kẹ́hìndé

Bàbá mi àtàtà,

Ìlú Òyìnbó ni mo wà lọ́jọ́ tí ikú Bọ̀dá Ràṣáàkì kọ́kọ́ yé mi. Mo fi nǹkan dí etí, mo dúró lẹ́yìn gíláàsì tó nípọn, èmi àti ọ̀gá mi ń wo ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n dè mọ́ orí irin. Ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Kò ní wọ inú mọ́tò kankan láéláé. Torí kó lè bàjẹ́ ni wọ́n ṣe tò ó. Níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ́ńjìnnì ìdíje ni wọ́n ń ṣe tà fún àwọn tó ń fi mọ́tò sáré, bí ẹ̀yin náà ti ń ṣe é fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi sáré. Bí wọ́n bá ṣe irin tuntun, oníbàárà kankan kò ní fojú kàn án. Inú ẹ́ńjìnnì aláìlólúwa yìí ni yóò kọ́kọ́ wọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó máa sáré títí irin náà yóò fi dá.

Ó dá lọ́jọ́ náà. Ariwo rẹ̀ kò tó bí mo ṣe rò. Ó ró kàù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́.

Ọ̀gá mi tú u, ó yọ kọnrọ́ọ̀dù tó dá, apá irin tó so písítìnnì mọ́ ṣáàfù, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti fá a lára kó lè fúyẹ́. Níbi tí wọ́n ti fá a dé, igun mímú kan wà níbẹ̀, inú igun yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti fá igun náà títí kò fi ní mú mọ́; ó ń ṣàlàyé lọ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo mọ igun yẹn, Bàbá. Ó ti ha mí ní àtàǹpàkò rí, lẹ́yìn ilé wa ní Ìkòròdú, lọ́sẹ̀ tí ẹ fi fáìlì fá irin méjì tó jọra, tí ẹ ní kí n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ kí n sọ èyí tó wúwo jù. N kò lè sọ ọ́. Inú yín dùn gan-an pé n kò lè sọ ọ́.

Ariwo yẹn náà, mo ti gbọ́ ọ rí. Etí omi ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà.

Yorùbá ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ kò ṣáà fẹ́ èdè mìíràn. Bí mo bá fi Èèbó bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, ẹ óò kàn dákẹ́ ni, káàdì yóò máa jó lọ, títí n ó fi yí ahọ́n padà. Nígbà náà lẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Bí mo bá ṣi nǹkan kọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé bàbá mi náà ṣe ẹ́ńjìnnì ìdíje fún oníbàárà, wọ́n bi mí ní orúkọ àwọn ẹ́ńjìnnì náà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni tiwọn ń jẹ́. Mo ní Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá. Wọ́n rò pé eré ni mò ń ṣe. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé ìdílé ni wọ́n lóòótọ́, pé ọjọ́ kan náà ni ẹ to àwọn méjì àkọ́kọ́ tán láti ara àlòkù tí àwọn apẹja ti jù nù, lórí tábìlì onípákó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti iṣẹ́ fátìrì dé láti Industrial Estate? Alájà tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ló ra Táíwò fún ọmọ rẹ̀, Bọ̀dá Ràṣáàkì. Ọ̀gá Bánjọ oníyanrìn ní Agbowa ló ra Kẹ́hìndé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á, tòun ti ikùn rẹ̀. Ìdòwú ló tẹ̀ lé wọn, ó ní písítìnnì mẹ́ta, olórí kunkun ni. Kò ní jí láàárọ̀ àyàfi bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti sú gbogbo ènìyàn, ẹ̀yin á sì máa rẹ́rìn-ín pé kí ni a retí lọ́dọ̀ ẹni tó ń jẹ́ Ìdòwú. Àlàbá gba agbára Ìdòwú, ó gba sùúrù àwọn ìbejì. Òun lẹ fẹ́ràn jù. Ẹ kò gbà rí.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tó ń ṣe wọ́n, ẹsẹ̀ lẹ fi ń gbọ́ ọ. Ẹ óò bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, ẹ óò fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ óò di ojú. Ẹ ní etí máa ń purọ́ nítorí ó máa ń gbọ́ ohun tó fẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tan ni jẹ.

Òfin méjì lẹ fi tọ́ àwọn ìbejì yẹn. Ohun tí ẹ bá ṣe fún Táíwò, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é fún Kẹ́hìndé. Bí ríǹgì ti ọ̀kan bá jẹ, ẹ óò pààrọ̀ tèkejì náà, ì báà má tíì jẹ, kí oníbàárà kan má bàa sọ pé ẹ fẹ́ràn èkejì ju òun lọ. Èyí dára. Àwọn ọ̀gá mi níhìn-ín kò ní òfin tó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òfin kejì ni kò jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo ẹni tí Yorùbá bí ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló ń rán Táíwò ṣíwájú kó lọ tọ́ ayé wò. Nítorí náà, irin yòówù tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, Táíwò ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Bí ayé bá dùn mọ́ ọn, Kẹ́hìndé á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ìdòwú, lẹ́yìn náà Àlàbá. Màámi á se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ àdúgbò lọ́jọ́ náà, a ó jẹ ẹ́ lórí ewé. Kò sí ẹni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Alájà ń fi í yangàn pé ọmọ òun ló ń kọ́kọ́ jẹ ohun tuntun. Ọ̀gá Bánjọ ló máa ń kùn: ó ní òun wá di ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ àjẹkù àbúrò.

Ẹ kò ní yàrá onígíláàsì, Bàbá. Ọ̀sà ni yàrá yín. Bọ̀dá Ràṣáàkì ló sì jókòó sínú rẹ̀.

Ẹ rántí àárọ̀ ìdíje yẹn ní Ẹ̀pẹ́. Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Bọ̀dá Ràṣáàkì ti so tirẹ̀ mọ́ ìgbànú, ó ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n pe òun kó lè dún. Ẹ ti fi irin tuntun sínú Táíwò. Ti Kẹ́hìndé wà nílé, ó ń dúró de ìròyìn. Kí wọ́n tó wọ omi, ẹ ní kí oníkálukú gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì èkejì kó súre fún un, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Bọ̀dá Ràṣáàkì gbọ́wọ́ lé Kẹ́hìndé, ó bẹ Ọlọ́run kó dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìwúwo ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà létí omi rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Bánjọ náà rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ lé Táíwò, ó ní:

“Táíwò, rọra máa lọ o. Ọ̀nà ọ̀run lo ti ń sáré bọ̀, má sá padà síbẹ̀.”

Àwàdà ni. Mo wà níbẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín.

N kò ní sọ ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ró kàù. Imú ọkọ̀ rì sómi bí ìgbà tí ènìyàn bá kọsẹ̀. Ọ̀gá Bánjọ tó wà lẹ́yìn pa Kẹ́hìndé, ó fò sínú omi tòun ti bàtà, òun ló sì gbé Bọ̀dá Ràṣáàkì jáde lórí èjìká. Omi ń ro tótó lára àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń mí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí ìlú. Wọ́n ní ẹnu Ọ̀gá Bánjọ ló pa ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní ó ti ń jowú láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń bi ara wọn pé ṣé wọn kò rí i bó ṣe fọwọ́ pa ẹ́ńjìnnì lára ni, ṣé wọn kò gbọ́ ohun tó sọ sí i. Alájà gbà á gbọ́. Àwọn apẹja wọ́ Táíwò jáde, ẹ̀yin nìkan lẹ tú u. Nígbà tí ẹ jáde síta, gbogbo ènìyàn ń wo ẹnu yín. Ẹ kò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu Ọ̀gá Bánjọ ni, ẹ kò sì sọ pé irin ni. Ẹ kàn fọ ọwọ́ yín, ẹ ń fọ ọ́, ẹ ń fọ ọ́.

Láti ìgbà yẹn, ẹ kò to ẹ́ńjìnnì mọ́. Àwọn oníbàárà wá títí, wọ́n ní Ìdògbé dà, ṣé Àlàbá kò ní ní àbúrò ni. Ẹ ní iṣẹ́ fátìrì ti pọ̀ jù. Màámi kò sì se ẹ̀wà mọ́. Nígbà tí mo béèrè, ó ní ẹ̀wà ń fún yín ní inú rírun. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi. Ní ìlú Òyìnbó, mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé bàbá mi kì í jẹ ẹ̀wà.

Níbi ìsìnkú yín, mo rí ohun tí n kò mọ̀ pé ó ṣì wà láyé. Alájà ti jókòó sábẹ́ ìbòòrùn nígbà tí Ọ̀gá Bánjọ dé, ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, ikùn yẹn ti lọ. Alájà dìde. Kò pariwo. Ó kàn ní òun àti apànìyàn kò lè jọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan. Ọ̀gá Bánjọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, ó sì lọ dúró sínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, títí wọ́n fi parí àdúrà. Mo gbé àga lọ fún un. Kò jókòó sí i. Ó di ọwọ́ mi mú pẹ́, ó wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, ó sì fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo padà sí ibi iṣẹ́, tí ẹ́ńjìnnì aláìlólúwa yẹn dá níwájú mi. Ní kété tí wọ́n fún mi láyè, mo tún wá sílé.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù yín báyìí, ọ̀sán ni, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé síbí ni mo rí irin tí ẹ ṣe fún Kẹ́hìndé. Ó wà nínú àkísà tí ẹ fi epo rẹ, nísàlẹ̀ àpótí fáìlì. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo ń wá igun tó ha mí lọ́wọ́ nígbà náà. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti fi fáìlì kékeré, èyí tó ṣe roboto, fá igun náà títí kò fi mú mọ́, ó sì ti fi yanrìn dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Gẹ́lẹ́ bí ọ̀gá mi ṣe ní ó yẹ kó rí nìyẹn. Irin tí kò ní wọ ẹ́ńjìnnì kankan mọ́. Ta ló máa ń tún irú rẹ̀ ṣe, bí kò bá ṣe ẹni tó mọ̀?

Ẹ mọ̀, àbí? Ìgbà wo lẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé ọjọ́ tí ẹ tú Táíwò ni, àbí ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, pẹ̀lú fáìlì yẹn lọ́wọ́? Ṣé ẹ ti wọ mọ́tò Agbowa rí kí ẹ lọ sọ fún Ọ̀gá Bánjọ, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan lónìí, mo ṣì ń gbọ́ nǹkan nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Mo wolẹ̀, mo rí i pé mo ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan láìmọ̀.

Lẹ́yìn tí mo rí irin náà, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Alájà gbá mi mọ́ra, ó bu ẹja yíyan sínú ọ̀rá fún mi kí n tó jókòó. Ẹ̀yìn ibi tó ti ń yan ẹja ni Táíwò wà, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Ó ṣí i hàn mí. Kò dógùn-ún rárá. Ó ní òun ni òun ń fi epo pa á, bí a ṣe ń pa ọmọ. Ó ní àfáà àdúgbò bá òun wí pé ohun tí òun ń ṣe jọ ìbọ̀rìṣà, òun sì dá a lóhùn pé tí ó bá jẹ́ òrìṣà ni, òun ì bá ti béèrè ọmọ òun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá sọ fún mi pé nínú gbogbo ayé, ẹ̀yin nìkan lẹ bá òun ṣọ̀fọ̀ dé ojú àmì, nítorí ẹ pa iṣẹ́ ọwọ́ yín tì nítorí Ràṣáàkì. Ó ní orúkọ yín kì í kúrò nínú àdúrà òun. Irin Kẹ́hìndé wà nínú báàgì mi ní gbogbo ìgbà yẹn. N kò mú un jáde.

Mo gba Agbowa padà. Ọ̀gá Bánjọ kò sáré mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó máa ń tan Kẹ́hìndé lóòrèkóòrè nínú àgbá omi kó má bàa kú. Ó tàn án fún mi. Bàbá, méjì ni mo gbọ́. Mo mọ̀ pé ògiri ló ń dá ohùn rẹ̀ padà, mo kàwé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni mo gbọ́, èyí àkọ́kọ́ ń ṣíwájú díẹ̀. Mo wo ojú Ọ̀gá Bánjọ, mo rí i pé òun náà ń gbọ́ ọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ ọ.

Ó pa á. Ó wá bi mí ní ohun tí kò lè bi mí lọ́jọ́ ìsìnkú:

“Ọmọ mi, ìwọ tó o kàwé rẹ̀ lókè òkun. Ṣé ẹnu ènìyàn lè já irin?”

Mo ní rárá, sà. Ó ní kí n má fi tìtorí ọjọ́ orí òun purọ́ fún òun. Ó ní nígbà àkọ́kọ́, òun mọ̀ pé òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìlú bá ń sọ nǹkan kan fún ọ lọ́dọọdún, ó ní ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí inú ara rẹ. Bóyá òun jowú lóòótọ́. Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ní nǹkan nínú tí òun fúnra òun kò mọ̀. Kì í báwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeré mọ́, nítorí ó ń bẹ̀rù kí àwàdà má lọ bọ́ lẹ́nu òun sára ẹnì kan. Nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ, ó ní kí wọ́n má gbé e wá fún òun láti súre fún.

Ọwọ́ mi wà lórí báàgì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí i. Mo rí Alájà lójú inú mi, tó ń ka orúkọ yín nínú àdúrà, n kò sì lè ṣí i. Mo ní n óò padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n rọra máa lọ, ó sì fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kíá.

Nígbà tí mo sọ fún Màámi, kò yà á lẹ́nu. Èyí bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní a kì í bá òkú ṣẹjọ́. Ó ní bí mo bá tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, Alájà á pàdánù ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àwa náà á pàdánù yín lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní Ọ̀gá Bánjọ ńkọ́? Ó gbé àwo wọlé. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ tó ń sunkún ní kíṣìnnì.

N kò bínú sí yín, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ mọ ìyẹn. Ọmọ méjì tó jọra lẹ bí láti inú àlòkù, ẹ sì fẹ́ kí ayé dùn mọ́ wọn. Kò sí ẹni tó fi yàrá onígíláàsì hàn yín. Igun yẹn, bí mo bá wà ní ipò yín, bẹ́ẹ̀ ni n óò ṣe fi í sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e ni n kò lè gbé kalẹ̀. Mò ń gbé e kiri nínú báàgì mi.

Sátidé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. N óò lọ sí Agbowa, n óò gbé irin yìí lé Ọ̀gá Bánjọ lọ́wọ́, n óò fi ibi tí igun náà wà tẹ́lẹ̀ hàn án, n óò sọ fún un pé kó lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà n óò lọ sọ́dọ̀ Alájà. Èyí ti yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti dun Alájà tán, yóò gbé ojú sókè, yóò bi mí pé bàbá mi tó bá òun ṣọ̀fọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tó sì mọ̀, kí ló dé tí kò sọ? Ẹ̀yin lẹ mọ ọkùnrin náà, ẹ̀yin lẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Bàbá mi. Kí ni kí n dá a lóhùn?

Èmi ọmọbìnrin yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.